Òkúta Ojú Sánmà Tí A Sọ Lórúkọ

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ bá mi jókòó díẹ̀, kí n tú ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi sílẹ̀. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti wà láyà mi bí ẹni gbé odidi èédú mì. Bí ẹ bá rí i tí mo ń fò síwá-sẹ́yìn, ẹ má bínú. Mi ò tíì lè sọ ọ́ tán láìsunkún.

Àárọ̀ Sátidé ni. Mo ń bu èédú sínú nílọ́ọ̀nù níwájú ilé wa ní Ìwó níbí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra èédú lọ́wọ́ mi mọ̀ pé bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, láti ìka dé ìgúnpá mi ló máa ń dúdú. Àmínà ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, ló ń bá mi so ẹnu nílọ́ọ̀nù. Fóònù dún. Mo ní kó bá mi gbé e, kó fi sí sípíkà, nítorí ọwọ́ mi.

Ọwọ́ yìí ló kó bá mi! Ká ní ó mọ́ lọ́jọ́ náà ni, etí mi ni ǹ bá gbé fóònù sí, ọmọ mi ì bá má gbọ́ nǹkan kan.

Kọ́pà ló pè. Àgùnbánirọ̀ ni, ìjọba ló rán an wá sí ilé ìwé àbúrò mi láti kọ́ wọn ní sáyẹ́ǹsì. Ó ti parí, ó ti padà sí ìlú wọn, ṣùgbọ́n Kọ́pà náà la ṣì ń pè é.

Ó kí mi. Ó kí Àmínà. Ó tún kí mi. Ẹ mọ bí èèyàn ṣe máa ń kí ni lẹ́ẹ̀mejì bí kò bá fẹ́ sọ ohun tó gbé wá? Mo ní, "Kọ́pà, ṣé kò sí?"

Ó ní ìdáhùn ti dé. Ó ní òkúta Múínát kì í ṣe tuntun.

Ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn kó lè yé yín.

Múínát ni àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé nítorí ilé ìwé, ìyá wa wà ní Ilé-Ogbó, níbi tí wọ́n ti ń ṣe oko. SS ni Múínát, àìsàn tí àwọn àgbà ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Ọ̀sẹ̀ yìí á wà ní kíláàsì, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ á wà lórí ẹní, eegun á máa ro ó, á máa yí gbiri. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀! Ẹnu ọmọ yẹn kò ṣàìsàn rí.

Kọ́pà mú ètò kan wá sí ilé ìwé wọn. Àwọn kan wà lókè òkun tí wọ́n máa ń fi awò ńlá ya fọ́tò ojú ọ̀run, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ káàkiri kí wọ́n bá wọn fi ojú ṣà á. Fọ́tò mẹ́rin ni, ibì kan náà, wọ́n á yà á tẹ̀léra. Ìràwọ̀ kì í kúrò lójú kan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí àmì funfun bíńtín kan tó ń sún láti fọ́tò kan sí èkejì, òkúta nìyẹn. Òkúta ńlá tó ń yí oòrùn ká! Ásítẹ́rọ́ìdì ni Kọ́pà ń pè é. Ahọ́n wa ò gbà á, àwa ní òkúta.

Ọjọ́ Àlàmísì kan, nígbà họ́lídé, ẹsẹ̀ ń dun Múínát díẹ̀, ni Kọ́pà bá gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wá sílé wa. Ó ní ká kọ́kọ́ dáńlóòdù àkọsílẹ̀ àwọn òkúta tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí a má baà máa wá ohun tí kò sọnù. Nẹ́tíwọ̀kì kọ̀ jálẹ̀. Ó ń yí po, ó ń yí po.

Múínát ní, "Kọ́pà, ẹ jẹ́ ká fi ojú wò ó bẹ́ẹ̀ ná. Ojú mi ò ní SS."

A rẹ́rìn-ín. Ó ń tẹ̀ ẹ́ síwájú, ó ń tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn. Ó ti tó wákàtí kan kí ó tó pariwo: "Ó rìn! Ẹ wá wò ó, ó rìn!"

Mo sáré wọlé láti ìdí èédú. Mo wò ó, mo ní ìdọ̀tí ojú gíláàsì ni. Mo na ìka láti nù ún, ni mo bá fi èédú ra gbogbo ojú láptọ́ọ̀pù ọmọ ọlọ́mọ!

"Àǹtí mi, ẹ má pa òkúta mi rẹ́ o!"

Kọ́pà nù ún, ó wò ó, ó tún un wò. Àmì náà hàn kedere. Ó ní nínú gbogbo fọ́tò tí òun ti ń wò, òun ò tíì rí èyí tó hàn tó báyìí. Ẹ gbà mí o, inú wa wá ń dùn pé ó hàn kedere! Ẹ rántí ọ̀rọ̀ yìí, mo ń padà bọ̀ sórí rẹ̀.

Ó ní bí nẹ́tíwọ̀kì bá dé òun á fi ránṣẹ́. Ó kìlọ̀ fún wa pé ìdáhùn lè pẹ́ gan-an, àti pé bó bá tilẹ̀ jẹ́ tuntun, ọ̀pọ̀ ọdún lè kọjá kí wọ́n tó gbà wá láyè láti dá orúkọ lábàá. Àmínà wá fa aṣọ Múínát, ó ní, "Àǹtí, kí lorúkọ rẹ̀?"

Múínát ní, "Ọmọ tuntun ni. Ṣé ọjọ́ tí wọ́n bá bí ọmọ ni wọ́n ń sọ ọ́ lórúkọ ni? Ó di ọjọ́ kẹjọ."

Eré ló ń ṣe o. Eré lásán.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn náà ni ìrora gbé e. Kì í ṣe ẹsẹ̀ mọ́, àyà ni. A gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n sì ṣe ohun tí wọ́n lè ṣe. Kí oòrùn tó wọ̀, àbúrò mi ti lọ. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀, ẹ dákun.

Ilé-Ogbó la sin ín sí. Láti ọjọ́ náà ni ìyá wa ò ti jẹun mọ́. Omi nìkan. A bẹ̀ wọ́n, a kúnlẹ̀, a sunkún sí wọn lọ́rùn. Wọ́n ní kí a fi àwọn sílẹ̀, pé ọ̀nà ọ̀fun àwọn ti dí. Mo ti ń rò ó lọ́kàn ara mi pé òkú méjì la máa sin.

Ọjọ́ kẹjọ pé, a ṣe fìdáù. Àwọn alùfáà ka Kùránì, wọ́n ṣàdúà, ilé kún. Ìgbà náà ni Àmínà, tí ẹnikẹ́ni ò rán níṣẹ́, lọ dúró níwájú Màámi. Ó ní, "Màmá àgbà, òní ló pé ọjọ́ mẹ́jọ. Àǹtí Múínát ní òní la máa sọ òkúta lórúkọ."

Màámi gbé orí sókè. "Òkúta wo?"

Mo ṣàlàyé. Kọ́pà ti fi ọ̀kan nínú fọ́tò náà ránṣẹ́ sórí fóònù mi, mo fi hàn wọ́n. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, "Ọjọ́ tí ọmọ mi lọ ni èyí dé?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màámi.

Màámi ní kí wọ́n gbé oyin wá. Oyin, iyọ̀, àti omi tútù.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ní ilé fìdáù! Wọ́n tẹ́ fóònù mi sórí itan wọn bí ọmọ tuntun, wọ́n ti ìka bọ oyin, wọ́n kán an sórí àmì funfun yẹn. Wọ́n sọ ọ́ ní Múínát. Wọ́n fún un ní Àbẹ̀kẹ́, oríkì àbúrò mi gan-an. Wọ́n wá fi ìka náà sẹ́nu ara wọn, wọ́n lá a. Yàtọ̀ sí omi, oyin yẹn lohun àkọ́kọ́ tó kan ahọ́n wọn láti ọjọ́ mẹ́jọ! Kò pẹ́ sí i, wọ́n ní kí wọ́n bu ẹ̀kọ mímu wá.

Ta ló máa ní kí wọ́n má ṣe é? Alùfáà àgbà pàápàá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń fa tẹ̀súbáà rẹ̀. Kọ́pà nìkan, tó wá bá wa kẹ́dùn, ló tẹ̀ sí mi létí. Ó ní, "Ìyá Àmínà, kò tíì dájú o. Wọn ò tíì dá wa lóhùn."

Mo ní kó dákẹ́. Mo ní bó bá la ẹnu rẹ̀, èmi àti ẹ̀ ni. Ìyá mi ń mu ẹ̀kọ, ẹnì kan ń sọ ohun tó dájú àti ohun tí kò dájú fún mi!

Ẹ̀bi mi nìyẹn. Mo mọ̀ ọ́n.

Màámi dìde nílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Wọ́n padà sóko. Ní ìrọ̀lẹ́, bí wọ́n bá ti kírun Mọ̀gàríbì tán, wọ́n á bọ́ síta, wọ́n á wo òkè, wọ́n á ní, "Múínát Àbẹ̀kẹ́, o kú ìrìn o." Kọ́pà ti sọ fún mi pé ojú lásán ò lè rí òkúta náà láéláé. Ìràwọ̀ kan ṣá ni Màámi mú fúnra wọn. Èmi náà ò sọ fún wọn.

Ìyá Sílífá tó ń gbé òdìkejì wọn, ẹlẹ́nu mímú, á ké láti ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ pé, "Ìyá Sánmà, ọmọ ńkọ́ lónìí? Ṣé ó ti yó?"

Màámi á ní, "Èmi rí tèmi. Tìrẹ tó wà l'Ékòó ńkọ́, ṣé ó ti pè ẹ́?"

Àwọn méjèèjì á bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín Màámi! Bí mo bá lọ kí wọn, mo máa ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn gbọ́ ọ.

Nígbà tí Kọ́pà máa pè mí yìí, ó ku ọ̀sẹ̀ kan péré kí ọdún kan pé. Màámi ti ń múra àdúà ọdún. Wọ́n ti sọ fún gbogbo agboolé pé Àmínà ló máa dìde sọ ìtàn òkúta náà, nítorí ojú rẹ̀ ló ṣe. Wọ́n ti rán aṣọ funfun fún un.

Ṣé ẹ ti rí ibi tí mo wà báyìí, pẹ̀lú èédú lọ́wọ́?

Kọ́pà ní òkúta náà tóbi púpọ̀. Ó ní bí wọ́n bá tẹ́ ẹ kalẹ̀, ó máa gùn ju ọ̀nà Ìwó sí Èkó lọ. Ó wà ní ìkángun ibi tí irú àwọn òkúta bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí, ọ̀nà jíjìn réré. Ó ní ó dúdú bí èédú, oòrùn tó ń ràn sí i ló jẹ́ kó funfun lójú fọ́tò. Ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tí wọ́n ti rí i, tí wọ́n ti fún un lórúkọ obìnrin kan. Ó ní nítorí pé ó tóbi ló ṣe hàn kedere bẹ́ẹ̀. Àwọn tuntun kì í hàn, ṣe ni wọ́n máa ń ṣe bàìbàì. Ó yẹ kí òun ti fura lọ́jọ́ náà, ó ní. Ká ní nẹ́tíwọ̀kì wà ni, àkọsílẹ̀ yẹn ì bá ti pe orúkọ rẹ̀ fún wa lójú ẹsẹ̀.

Mo bẹ̀ ẹ́. Ẹ gbọ́ ohun tí mo ń bẹ èèyàn fún! Mo ní ṣé wọn ò lè fi tiwa kún un ni? Níbí, ọmọ kan lè gba orúkọ mẹ́wàá lọ́jọ́ kan. Bàbá bàbá á sọ tirẹ̀, ìyá ìyá á sọ tirẹ̀, kò sẹ́ni tó ń jà.

Ó ní, "Wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀, Ìyá Àmínà. Òkúta kan, orúkọ kan." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì, mo sì ní kó má tọrọ nǹkan kan, kó máa lọ.

Àmínà mú èédú kan, ó gbé e sókè sí mi. "Mọ́mì, ṣé bó ṣe dúdú nìyí?" Kí n tó dáhùn, ó ní, "Kí wá ni kí n sọ lọ́jọ́ àdúà?"

Kí n má purọ́ fún yín, ohun tó kọ́kọ́ dé ẹnu mi ni pé, "Sọ ohun tí o mọ̀ tẹ́lẹ̀. Má sọ ti òní." Ó ti dé ẹnu mi! Mo wá rí i lójú inú mi: ọmọ ọdún mẹ́fà nínú aṣọ funfun, láàárín àwọn àgbàlagbà, tó ń pa irọ́ tí èmi ìyá rẹ̀ kọ́ ọ, lórí ikú àbúrò mi. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Mo ní kó lọ wọ bàtà.

Mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, èékánná mi ò mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe gun ọ̀kadà lọ sí Ilé-Ogbó.

Màámi ń yin àgbàdo lẹ́yìnkùlé. Wọ́n rí wa, ojú wọn tàn. "Àmínà, o ti wá kọ́ ọ̀rọ̀ rẹ sórí lọ́dọ̀ mi?"

Àmínà kúnlẹ̀ kí wọn, ó sì wo ojú mi. Màámi rí bó ṣe wò mí. Ọwọ́ wọn dúró lára àgbàdo. "Kí ló dé?"

Mo kúnlẹ̀, mi ò dìde mọ́. Gbogbo rẹ̀ ni mo sọ, bí Kọ́pà ṣe sọ ọ́ fún mi. Nígbà tí mo parí, Màámi ní, "Ta ló wá ni ín?"

"Òyìnbó kan ló kọ́kọ́ rí i, Màámi. Ó ti pẹ́. Òun náà ti kú."

"Ó sì ti lórúkọ."

"Ó ti lórúkọ."

"Pè é kí n gbọ́."

Mo pè é bí Kọ́pà ṣe pè é. Màámi gbìyànjú láti pè é tẹ̀lé mi. Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kan, wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kejì. Ahọ́n wọn ò gbà á. Wọ́n ní, "Ohun tí mi ò lè pe orúkọ rẹ̀ ni mo ti ń kí láti ọjọ́ yìí."

Wọ́n wá bi mí ní ìbéèrè tí mo ti ń bẹ̀rù láti Ìwó. "Ṣé o mọ̀ lọ́jọ́ fìdáù?"

Mo ní mo mọ̀ pé kò tíì dájú. Mo ní, "Ẹ ò tíì jẹun fún ọjọ́ mẹ́jọ, Màámi."

"O wá jókòó, ò ń wò mí, tí mo ń fi oyin sẹ́nu ọmọ ọlọ́mọ."

Kí ni kí n sọ? Ẹ̀yin, kí lẹ máa sọ?

Wọ́n ní kí n mú fóònù mi wá. Fọ́tò náà ṣì wà níbẹ̀. Màámi fa etí ìró wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú fóònù. Oyin ọjọ́ yẹn ti lọ tipẹ́, èmi fúnra mi ni mo nù ún kúrò. Síbẹ̀ wọ́n ń nù ún, wọ́n rọra ń nù ún bí ẹni tó ń nu ẹnu ọmọ. Wọ́n ní, "Máa lọ bá àwọn tó ni ọ́. Má mú orúkọ ọmọ mi lọ."

Wọ́n dá fóònù padà fún mi, wọ́n wọ yàrá. Èmi àti Àmínà la yin àgbàdo náà tán.

Ní ìrọ̀lẹ́, Ìyá Sílífá ké láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ bíi tàtẹ̀yìnwá: "Ìyá Sánmà! Ọmọ ńkọ́?" Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó kọjá wá sọ́dọ̀ wa, ó wo ojú mi, ó káwọ́ lérí. Ó padà sílé rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́.

A ti ṣe àdúà ọdún. Àmínà wọ aṣọ funfun rẹ̀, kò dìde, kò sì sẹ́ni tó ní kó dìde. Màámi ń jẹun, bí ẹ bá fẹ́ pe ṣíbí mẹ́ta ní oúnjẹ. Wọn kì í jáde síta mọ́ lẹ́yìn ìrun. Bí mo bá pè wọ́n, wọ́n á ní, "Mo wà." Màá ní, "Ṣé kò sí o, Màámi?" Wọ́n á ní, "Mo ní mo wà." Ó tán.

Ẹ̀kọ́ wo ni mo rí kọ́? Mo rò pé òun ni pé ohun tí kò tíì dájú, kí a máa sọ ọ́ bó ṣe wà, kódà bó bá máa gba ṣíbí lẹ́nu ẹni tí a fẹ́ràn. Irọ́ tí a fi bọ́ èèyàn, ọjọ́ kan ni èèyàn náà á bì í. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n sọ tinú mi: bí ọjọ́ fìdáù yẹn bá tún padà wá, tí mo tún rí ìka Màámi nínú oyin, mi ò mọ̀ bóyá mi ò ní tún pa Kọ́pà lẹ́nu mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gba ìtùnú kan kúrò lọ́wọ́ ìyá yín rí, báwo lẹ ṣe ṣe é tí wọ́n fi tún ń bá yín sọ̀rọ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí fún mi. Ẹ má sọ fún mi pé Ọlọ́run mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ ìyẹn. Ohun tí ẹ ṣe ni kí ẹ sọ.

Nígbà tí a ń bọ̀ láti Ilé-Ogbó lọ́jọ́ tí mo lọ sọ fún Màámi, lórí ọ̀kadà, Àmínà wà láàárín èmi àti ọlọ́kadà. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Mọ́mì, ṣé Àǹtí Múínát ò sí lókè mọ́?"

Mo dúró títí a fi sọ̀ kalẹ̀. Mo jókòó ti àpò èédú, mo gbé e sẹ́sẹ̀. Mo ní Àǹtí Múínát ti kú. Kò sí lókè, kò sì sí níbẹ̀ rí, èmi ni mo jẹ́ kí ẹ gbà bẹ́ẹ̀. Mo ní òkúta yẹn, àwọn mìíràn ló kọ́kọ́ rí i, tiwọn ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àlàmísì yẹn, lórí ẹní wa, kò sẹ́ni tó fi han Àǹtí rẹ. Ojú ara rẹ̀ ló fi rí i. Ó pariwo pé ó rìn. Ìwọ wà níbẹ̀, o gbọ́ ọ.

Ó ní, "Mo gbọ́ ọ."

Mo ní, "Ìyẹn la ní."